Ọmọ SS ni tèmi náà: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìgbàgbọ́ yín ló kéré

Arábìnrin mi, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí lọ́dún yìí tí fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn SS yìí, gbé ọmọ yín dé ọsibítù, ẹ ò lè gbàdúrà mọ́, ẹ wá ń béèrè bóyá Ọlọ́run ti kọ̀ yín sílẹ̀. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kà á.

Oṣù Kejìlá 2011 ni tèmi. Ọmọ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ọyẹ́ sì mú. Pásítọ̀ kan lórí òkè àdúrà ti sọ fún mi pé kí n kó folic acid (òògùn ẹ̀jẹ̀) àti Paludrine (òògùn tí kì í jẹ́ kí ibà mú un) ọmọ náà dànù, pé ẹni tó bá ṣì ń lo òògùn kò gba Ọlọ́run gbọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dà á sí àkìtàn. Lóru ọjọ́ kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé, "Mọ́mì, ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ mi." Nígbà tó yá kò ké mọ́, ó kàn ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. A dé ọsibítù, PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, jẹ́ 14, ó ti lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ gba ẹ̀jẹ̀ pínǹtì méjì, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń gbowó ní àfi kí n kọ́kọ́ sanwó. Mo kúnlẹ̀ fún un. Fóònù ló ń tẹ̀. Orí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọmọ mi wà, ìró mi ni mo fi bò ó. Mo pe pásítọ̀ yẹn. Ó ní kí n lọ yẹ ara mi wò, pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ń bẹ nílé mi. Ilẹ̀ mọ́ kí obìnrin alákàrà ẹnu géètì tó yá mi lówó. Kò mọ̀ mí rí o.

Lóru yẹn mo sọ fún Ọlọ́run pé mi ò bá a ṣe mọ́. Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi lè kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òògùn sílẹ̀ nítorí àdúrà ẹnikẹ́ni. Omi mímu, aṣọ òtútù, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ẹ mọ ìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì gbéyàwó náà, ẹ ṣe àyẹ̀wò jínótáìpù níbi méjì. AA, ẹni tí kò gbé àìsàn yìí lára, ni wọ́n kọ fún mi kí n tó lọ́kọ, àṣé AS, ẹni tó gbé e lára tí kò ṣàìsàn, ni mí, AS sì ni ọkọ mi. Ẹni tó kọ AA yẹn kò sùn lórí bẹ́ńṣì rí. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí AS méjì bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ jẹ́ SS. Kì í ṣe pé bí ẹ bá ti bí ọ̀kan, àwọn tó kù ti bọ́.

Ẹ má bínú, mo ti jìnnà sí ìbéèrè yín. Sáàmù 88 ló mú mi padà. Púpọ̀ nínú àwọn Sáàmù ẹ̀dùn ló ń yíjú sí ìyìn kó tó parí. Èyí kò yí, inú òkùnkùn ló parí sí. Síbẹ̀ àdúrà ni, Ọlọ́run sì jẹ́ kó wà nínú Bíbélì. Mo wá rí i pé ẹjọ́ tí mo ń bá a rò lọ́jọ́ yẹn, àdúrà ni. Ẹ tún wo Èlíjà nínú 1 Àwọn Ọba 19, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun: oúnjẹ àti omi ni áńgẹ́lì gbé wá, Èlíjà sì tún sùn. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ jù sínú iná ní Bábílónì sọ pé Ọlọ́run lè gba àwọn, wọ́n sì fi kún un pé bí kò bá tilẹ̀ gbà wọ́n, àwọn ò ní tẹrí ba fún ère. Ìgbàgbọ́ tí mo dì mú nìyẹn. Ọmọ mi ti lé lógún ọdún báyìí, SS ni síbẹ̀, oṣù tó kọjá la tún dé ọsibítù.

Ọlọ́run kò kọ̀ yín sílẹ̀. Ẹ wá ìyá ìjọ kan ṣoṣo tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ ní kó máa bá yín gbà á títí ẹnu yín á fi là. Ẹ jẹun lálẹ́ òní. Aago márùn-ún ìdájí ni mo máa ń dá orúkọ ọmọ mi fún Olúwa. Láti ọ̀la, mà á máa fi "ọmọ arábìnrin mi" tẹ̀ lé e.