Ṣé blocklist ṣe é gbára lé láti dá spam dúró?

Ìbéèrè: Èmi ni mò ń bójú tó server ímeèlì ilé iṣẹ́ wa, Postfix (ètò tó ń gba ímeèlì tó sì ń fi í ránṣẹ́) la sì ń lò. Mo fi blocklist mẹ́ta (àkọsílẹ̀ àwọn àdírẹ́sì tí wọ́n fẹ̀sùn spam kàn) sí i. Spam dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà àwọn oníbàárà wa náà ń padà sọ́wọ́ wọn, spam kan sì ṣì ń wọlé. Ṣé ó yẹ kí n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo log yín (àkọsílẹ̀ ohun tí server ṣe), kí ẹ wá “blocked using”. Orúkọ blocklist tó dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Blocklist kì í ka lẹ́tà. Àdírẹ́sì IP tí lẹ́tà gbà wá nìkan ló mọ̀. Bí lẹ́tà bá wá láti 192.0.2.25, Postfix á yí nọ́ńbà náà padà sẹ́yìn, á sì bi DNS (ètò tó ń wá àdírẹ́sì fún orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì) léèrè 25.2.0.192.zen.spamhaus.org. ZEN ni blocklist tí Spamhaus kó SBL, XBL àti PBL pọ̀ sí. Bí kò bá sí ìdáhùn, kò sí ẹ̀sùn. Bí ìdáhùn bá wà, nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló ń sọ irú ẹ̀sùn: 127.0.0.2 ni ti SBL, àwọn tí wọ́n mọ̀ sí olùfi-spam-ránṣẹ́, 127.0.0.4 ni ti XBL, kọ̀ǹpútà tó ti kó kòkòrò. 10 àti 11 ni ti PBL. Ẹni tó wà nínú PBL kò ṣẹ̀ rárá. Íntánẹ́ẹ̀tì ilé ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí kò yẹ kó máa kan port 25 (ẹnu ọ̀nà tí server ń gbà gba lẹ́tà) ẹlòmíì tààrà. Òṣìṣẹ́ yín tó ń ṣiṣẹ́ látilé lè wà nínú rẹ̀, nítorí náà permit_sasl_authenticated (àṣẹ tó ń jẹ́ kí ẹni tó ti fi password wọlé kọjá) gbọ́dọ̀ ṣíwájú reject_rbl_client (àṣẹ tó ń fi blocklist dá lẹ́tà padà).

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni resolver, ìyẹn server tó ń bá yín bi DNS léèrè. Bí server yín bá ń gba 8.8.8.8 (resolver Google tí gbogbo ayé ń lò) bi Spamhaus léèrè, 127.255.255.254 ni wọn yóò fi dá a lóhùn, ìyẹn ni pé “ọ̀nà tí ẹ gbà wá kọ́ nìyí”. Postfix tí ẹ kò là á yé á rò pé ẹ̀sùn ni, á sì dá gbogbo ayé padà. Ẹ fi Unbound, tí yóò jẹ́ resolver tiyín, sórí server náà fúnra rẹ̀, kó má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì kọ àṣẹ náà báyìí nínú config Postfix, kó lè ka kìkì ìdáhùn 2 sí 11 sí ẹ̀sùn:

reject_rbl_client zen.spamhaus.org=127.0.0.[2..11]

Ẹ dán an wò pẹ̀lú dig (irinṣẹ́ tó ń bi DNS léèrè): 2.0.0.127.zen.spamhaus.org gbọ́dọ̀ dáhùn, 1.0.0.127.zen.spamhaus.org kò gbọdọ̀ dáhùn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún blocklist kọ̀ọ̀kan, torí àwọn kan ti kú sínú config àwọn ènìyàn. ORDB, ọ̀kan nínú wọn, kógbá sílé ní ìparí 2006. Ní oṣù kẹta 2008 ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí gbogbo àdírẹ́sì, lẹ́tà àwọn tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ sì dúró gbagidi. SORBS náà ti kógbá sílé ní 2024.

Ti àwọn oníbàárà yín, aláìṣẹ̀ ló sábà máa ń fara gbá ẹ̀ṣẹ̀ aládùúgbò, torí ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ lè jọ máa lo IP kan. Blocklist UCEPROTECT ìpele 3 tilẹ̀ máa ń kọ odindi nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀. Èmi ò ní fi dá lẹ́tà kankan padà. Ohun tí mo fara mọ́ ni kí ZEN nìkan ní agbára àtidá lẹ́tà padà, kí àwọn yòókù jẹ́ ẹlẹ́rìí lásán. Nínú postscreen (apá Postfix tó ń yẹ ẹni tó ń bọ̀ wò lẹ́nu ọ̀nà), ẹ fún ZEN ní àmì 3, ẹ fún bl.spamcop.net, blocklist mìíràn, ní àmì 1, kí postscreen_dnsbl_threshold (iye àmì tó tó láti dá lẹ́tà padà) jẹ́ 3, kí postscreen_dnsbl_action sì jẹ́ enforce. Bí reject_rbl_client lẹ ṣì ń lò, ẹ fi warn_if_reject síwájú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: log á sọ ẹni tí ì bá padà, láìdá ẹnikẹ́ni dúró.

Spam tó ṣì ń wọlé, ẹ wo ibi tó ti wá. Bó bá jẹ́ láti àkáǹtì tí wọ́n jí ní Gmail tàbí Outlook, blocklist IP kò lè ràn yín lọ́wọ́, torí ènìyàn rere pọ̀ jù lórí IP wọ̀nyẹn. Rspamd tàbí SpamAssassin, tó ń ka inú lẹ́tà àti àwọn líǹkì rẹ̀, ló ni iṣẹ́ yẹn.