Báwo ni ajá ṣe ń "worry" àgùntàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìgbèríko Yorkshire ni mo wà báyìí, mò ń tọ́jú bàbá àgbàlagbà kan, èmi náà ni mo sì ń mú ajá wọn rìn láràárọ̀. Wọ́n kan pátákó kan mọ́ géètì pápá tí à ń gbà kọjá, pé a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ajá "worry" àgùntàn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi tó wá kí mi, pé wọ́n ní kí ajá má kó ìrònú bá àgùntàn. Màmá ní, "Àgùntàn wo ló ń ronú?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ṣé "worry" tí gbogbo wa mọ̀ náà nìyí? Báwo ni ǹ bá ṣe sọ ọ́ ní Yorùbá?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Èyí tó wà lára pátákó yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni àbúrò, kò sì tíì dàgbà púpọ̀.

Kí àwọn Norman tó gba ilẹ̀ England ní 1066 ni ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀. "Wyrgan" ni wọ́n ń pè é nígbà náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni kí á fún ẹnì kan lọ́rùn pa. Àwọn ará Jámánì kò tíì fi ìtumọ̀ yẹn sílẹ̀: títí dòní, bí wọ́n bá ní "würgen", fífún lọ́rùn ni wọ́n ń sọ. Nígbà tó yá, ní England, ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ èèyàn, ó bọ́ sẹ́nu ẹranko. Ìkookò tàbí ajá tó bá ki eyín bọ ọrùn àgùntàn, tó dì í mú pinpin, tó sì ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì títí awọ fi ya, ohun tó ń ṣe ni "worry". Bí ẹ bá ti rí ajá tó gbá eku tàbí àkísà mú sẹ́nu rí, tó ń ju orí sọ́tùn-ún, tó ń jù ú sósì, tí kò tú eyín, ẹ ti rí ọ̀rọ̀ yìí lójúkorojú. Nígbà tí Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀ jáde ní London ní 1755, kí ẹranko máa fa ẹran ya ló fi ṣíwájú, ó wá fi kí á máa fi ìkà dààmú ẹni tẹ̀ lé e. Kò sọ ohunkóhun nípa ọkàn tí kò balẹ̀.

Nígbà náà, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tó ń da ẹlòmíràn láàmú tí kò jẹ́ kó sinmi, bí ajá tó di eyín mọ́ ẹran. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ẹlòmíràn ló ṣì ń ṣe é fún èèyàn. Ó di nǹkan bí 1860 kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó máa sọ pé "I worry", tí kò sí ajá, tí kò sí ọ̀tá, tó jẹ́ pé èèyàn jókòó jẹ́ẹ́, èrò ọkàn ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì.

Ẹ wo Mátíù 6:25. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611 kò lo "worry" níbẹ̀, "Take no thought" ni wọ́n kọ. Àwọn ìtumọ̀ òde òní ló ń sọ pé "do not worry". Àwọn tó túmọ̀ ti Yorùbá kọ "Ẹ má ṣe ṣe àníyàn", mo sì gbóríyìn fún wọn, torí inú ẹni ni àníyàn ti ń hù. (Ọ̀fun náà ni "anxiety" ti wá o: "angere" ni Látìn ń pe kí nǹkan fún ni pinpin. Tiwa kì í sáà kúrò ní àyà àti ọkàn.)

Iṣẹ́ ògbufọ̀ tí mò ń ṣe ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa ká mi lára. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì kan bi màmá kan tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ pé, "Are you worried?" Mo yára túmọ̀ rẹ̀: "Ṣé nǹkan kan ń yọ yín lẹ́nu, mà?" Màmá ká ìró sókè, wọ́n na orúnkún ọ̀tún sí wa. "Eléyìí ni, ọmọ mi. Alaalẹ́ ló ń ro mí." Nọ́ọ̀sì kọ orúnkún sílẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin ló tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, tó sọ fún mi pé màmá ò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta, pé wọ́n ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá gba abẹ́rẹ́ oorun, àwọn ò ní jí mọ́. Mo padà wọlé lọ sọ ọ́. "Kí ló ń yọ yín lẹ́nu?" ni ìbéèrè tí dókítà ń bi aláìsàn, ara ni màmá sì fi dáhùn, wọn ò jẹ̀bi. Láti ọjọ́ náà, "Ṣé ọkàn yín balẹ̀?" ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n.

Ní ti pátákó yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó. Òfin kan wà láti 1953 tó ń dáàbò bo ẹran ọ̀sìn lọ́wọ́ ajá, "worry" yìí náà ló sì lò. Kò dìgbà tí ajá bá gé àgùntàn jẹ. Bó bá ń lé wọn káàkiri débi tí wọ́n lè fara pa, tàbí tí oyún lè bàjẹ́ lára wọn, ó ti ṣẹ̀. Kódà kí ajá kàn wà nínú pápá àgùntàn láìsí okùn lọ́rùn rẹ̀, láìsí ẹni tó ń kápá rẹ̀ nítòsí, òfin kà á mọ́ ọn. Èyí tó kàn yín jù rèé: kì í ṣe ẹni tó ni ajá nìkan ló máa jẹ̀bi. Bí ajá bá wà ní ìkáwọ́ ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà, onítọ̀hún náà jẹ̀bi. Àgbẹ̀ sì lè yìnbọn pa ajá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ibi yìí bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn láti dá a dúró.

Ẹ sọ fún màmá pé, "Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ajá lé àgùntàn tàbí kó gé wọn jẹ." Mo fi "lé" ṣíwájú torí pé lílé nìkan ti tó. Kí ẹ sì rí i pé okùn wà lọ́rùn ajá bàbá kí ẹ tó ṣí géètì yẹn lọ́la.