Báwo ni mo ṣe lè dán tàdáwà líno tuntun wò nílé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bódìjà, ní Ìbàdàn, ni mò ń gbé. Tábìlì ilé ìdáná ni mo ti ń fi líno, ìyẹn pẹlẹbẹ rírọ̀ tí à ń gbẹ́ àwòrán sí, tẹ àwòrán sórí ìwé. Mo ra oríṣi tàdáwà méjì. Ọ̀kan ń gbẹ mọ́ rólà tí mo fi ń pa á sórí líno kí n tó tẹ ìwé kejì. Ìkejì ti lo ọjọ́ mẹ́rin lórí ìwé, ó ṣì ń yí mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ó jọ pé omi ni wọ́n fi po ti àkọ́kọ́, òróró ni wọ́n fi po ìkejì. Olómi yóò gbẹ ní kété tí omi rẹ̀ bá ti fà. Nínú ọyẹ́ Ìbàdàn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹ pa fáànù, kí ẹ máa wọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sórí gíláàsì tí ẹ ń tẹ́ tàdáwà sí. Ní ti olóròóró, atẹ́gùn ló ń sọ òróró linseed (òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀) inú rẹ̀ di líle díẹ̀díẹ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òróró yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe líno fúnra rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iṣẹ́ tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì gbẹ́ dán tàdáwà wò. Ó máa ń dùn mí. Ẹ gé líno kékeré sọ́tọ̀, kí ẹ gbẹ́ ìlà tín-ín-rín sí apá kan, kí ẹ fi apá kejì sílẹ̀ láìgbẹ́. Bí tàdáwà bá pọ̀ jù, ìlà á dí. Bó bá kéré, ojú funfun wínníwínní á hàn lápá kejì. Ẹ fetí sí rólà náà: bó bá ń dún bí òjò wínníwínní lórí páànù, ó tó. Bó bá ń dún bí ẹni ń tẹ ẹrẹ̀, ó ti pọ̀ jù.

Ìwé tí ẹ máa lò gan-an ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, kì í ṣe ìwé ìròyìn. Ẹ kọ ọjọ́ àti bójú ọjọ́ ṣe rí sẹ́yìn rẹ̀. Lójoojúmọ́, ẹ fi aṣọ funfun nu igun kan; ọjọ́ tí aṣọ kò bá gba àwọ̀ mọ́ ló gbẹ. Bí ẹ bá máa kun àwọ̀ olómi lé e, ẹ kán omi sí i kí ẹ wò ó bóyá yóò ṣí.

Òróró ìsebẹ̀, lẹ́yìn náà ọṣẹ àti omi, ti tó láti fọ rólà olóròóró. Ẹ má gbé kẹrosíìnì wọ ilé ìdáná. Àmọ́ ẹ má ká àkísà tí ẹ fi nu tàdáwà olóròóró jọ sínú báàgì láé. Bí òróró linseed ti ń gbẹ ló ń gbóná, àkísà tó wà lókìtì lè gbiná láìsí ìṣáná. Ẹ tẹ́ ẹ síta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi gan.

Àwọn ìwé ọlọ́jọ́ mẹ́rin yẹn, ẹ so wọ́n kọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ tún fọwọ́ kàn wọ́n lọ́jọ́ kẹwàá.