Ṣé ẹ̀dà PDF bill of lading (ìwé ẹrù ọkọ̀ òkun tí wọ́n fi ń gba ẹrù ní èbúté) lè rọ́pò ojúlówó orí bébà?

Rárá, àwòrán lásán ni PDF; kò fún ẹni tó mú un dání ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹrù. Ojúlówó mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sórí bébà, ọ̀kan péré sì ti tó láti fi gba ẹrù ní èbúté. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè ní PDF kan náà lọ́wọ́. Bill of lading tó bófin mu lórí kọ̀ǹpútà máa ń wà lórí ètò tí ẹnì kan ṣoṣo ti lè ní in lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ọwọ́ tirẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba irú rẹ̀ láti 20 Oṣù Kẹsàn-án 2023. Sea waybill, ìwé ẹrù ọkọ̀ òkun tó kàn dárúkọ ẹni tí wọ́n máa kó ẹrù fún, nìkan ló yàtọ̀: PDF tó fún un, torí orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wò.