Ṣé àfòpiná ni òòbẹ̀ inú òwe?

Ìbéèrè: Àwọn àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó a máa wí pé, "Bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ." Ṣé àfòpiná tó máa ń yí gílóòbù po lálẹ́ ni òòbẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Àdán kékeré ni òòbẹ̀. Kòkòrò ni àfòpiná. Orí ìyàtọ̀ yìí gan-an ni òwe náà dúró lé: ẹbí ohun tí a kò rí la fi ń rọ́pò rẹ̀. Bí aṣọ ẹbí bá tán ní Balógun, tí ẹ ra èyí tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ọn, òwe bá a mu. Ẹni tó wá àdán lọ, tó gbé àfòpiná bọ̀, kò tíì rí nǹkan kan.

Àdán ńlá tí a mọ̀ lórí igi, èso ló ń jẹ. Ojú àti imú ló fi ń wá a. Bó bá na ìyẹ́ tán, ó lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75. Abẹ́ páànù àti inú àjà ni òòbẹ̀ ń gbé, kòkòrò sì ni oúnjẹ rẹ̀. Á ké igbe tí etí wa kò lè gbọ́, á wá tẹ́tí sí bí igbe náà ṣe ń ta padà lára ẹran ìjẹ rẹ̀. Àfòpiná wà lára ohun tó ń pa jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àfòpiná ní etí tó ń gbọ́ igbe yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣàdédé já bọ́ láti òkè.

Awọ tó nà sáàárín ìka gígùn ni ìyẹ́ òòbẹ̀. Ó ń bímọ, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹsẹ̀ mẹ́fà, ìyẹ́ mẹ́rin ni ti àfòpiná, ìpẹ́ wẹ́wẹ́ rẹ̀ a sì máa kù sí ìka ẹni bíi àtíkè. Òwe tirẹ̀ yàtọ̀: "Àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa." Ẹni tó ń wá ìjà ẹni tó jù ú lọ là ń pa á fún.

Níwájú àgbà, ẹ fi "tótó, ó ṣe bí òwe" kún un. Ẹ má sì pa òwe òòbẹ̀ létí ẹni tí ẹ fi rọ́pò ẹlòmíràn. Èébú ló máa gbọ́.

Bí òòbẹ̀ tàbí àdán bá já wọlé, ẹ má fọwọ́ lásán mú un. Ní 1956, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ẹbí ti dìgbòlugi lára àdán ajèso ní Erékùṣù Èkó. Bó bá géni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.