Ẹ Bi Wá: Kí ló dé tí ìhà àgùntàn mi fi yi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ mi ra ẹran àgùntàn tí wọ́n gé mọ́ egungun ìhà, èyí tí wọ́n ń pè ní lamb chops. Mo bọ̀ ọ́ bí mo ṣe máa ń bọ ẹran màlúù, mo wá dín in, àmọ́ ó yi, òórùn ẹ̀ sì tún wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe é? Ìyá Ìbejì, Ìbarà, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó o. Bíbọ̀ tẹ́ ẹ bọ̀ ọ́ yẹn ló fà á. Ọmọ àgùntàn tí ò tíì pé ọdún 1 ni wọ́n ń pè ní lamb, ara ẹ̀ ṣì rọ̀, ẹran ìhà ẹ̀ ò sì fẹ́ omi rárá, iná tó gbóná dáadáa ló ń fẹ́, kẹ́ ẹ sì tètè gbé e kúrò.

Ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú fíríìjì mọ́jú, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, torí tí omi bá wà lára ẹ̀ kò ní pọ́n. Ẹ gún atalẹ̀, áyù àti ata gbígbẹ, ẹ fi iyọ̀ àti òróró díẹ̀ sí i, ẹ fi ra á lára, kó wà bẹ́ẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú 40. Máàgì ò pọndandan, ẹran yìí ládùn fúnra ẹ̀! Ẹ wá gbé páànù tó nípọn kaná, ẹ kọ́kọ́ fi etí tí ọ̀rá wà dúró nínú ẹ̀ títí ọ̀rá yẹn á fi yọ́, òun náà lẹ máa fi dín ìyókù, kẹ́ ẹ tó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì máa yí i ṣáá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ò fẹ́ rí pupa nínú ẹran, ẹ fi ìṣẹ́jú 2 kún un, ẹ dé e. Ẹni tó bá ní tẹmómítà oúnjẹ, tí àárín ẹran bá ti dé 63°C, kó gbé e kalẹ̀ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 3.

Òórùn yẹn, inú ọ̀rá ló pọ̀ sí, ẹ gé èyí tó bá pọ̀ jù dànù. Ẹ sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná, ọ̀rá àgùntàn tètè ń dì.

Tó bá jẹ́ ti apá ni wọ́n tà fún yín, tí iṣan àti egungun ẹ̀ pọ̀, ìyẹn yàtọ̀ o. Ẹ dín in kó pọ́n, ẹ da àlùbọ́sà, tàtàsé àti omi díẹ̀ sí i, ẹ dé e sórí iná jẹ́jẹ́ fún wákàtí 1 àbọ̀ sí 2, títí á fi máa já kúrò lára egungun. Èmi fẹ́ràn èyí ju ti ìhà lọ, pàápàá pẹ̀lú láfún gbígbóná.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi èédú yan ìhà àgbò Iléyá? Bàbá Ṣadé, Ọbáńtókò.

Ìdáhùn: Ẹ lè yan án dáadáa sà, ṣùgbọ́n àgbò Iléyá ti dàgbà ju lamb lọ, ẹ má yan án lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dú u, ẹ jẹ́ kó sun fíríìjì. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ewé ìbẹ́pẹ wé e fún wákàtí kan tàbí méjì, á jẹ́ kó rọ̀, kó má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ kó má baà di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Ẹ dúró kí eérú funfun bo èédú kẹ́ ẹ tó gbé e lé e, tí ọ̀rá bá ń kán tí iná ń ru, ẹ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́.