Ẹ má lẹ òkúta mọ́ orí ọ̀dà

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè láti Ìlọrin bóyá ẹ lè lẹ òkúta mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà yín láìha ọ̀dà ara rẹ̀: rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀dà ni sìmẹ́ǹtì máa dì mú, kì í ṣe ògiri. Tí ọ̀dà bá ṣí, òkúta á bá a wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ làwọn ọmọdé ń gbà kọjá.

Ẹ ha ọ̀dà náà tán, kí ẹ wá fi òòlù lu rẹ́ńdà, ìyẹn sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, káàkiri. Ibi tó bá dún kòròfo, ẹ wó o dé búlọ́ọ̀kù. Ẹ ṣá èyí tó kù kó rí págunpàgun.

Òkúta akọ kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi, nítorí náà sìmẹ́ǹtì kì í tètè dì í mú tí eruku bá wà lára rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Bíríkì sísun ní tirẹ̀ máa ń fa omi sìmẹ́ǹtì gbẹ. Ẹ rì í sómi kí ẹ tó tò ó. Sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 3 ló dáa. Òkúta tó bá nípọn ju ínṣì kan àbọ̀ lọ, ẹ má lẹ̀ ẹ́, ìpìlẹ̀ tirẹ̀ ni kó jókòó lé.

Àwọn bíríkìlà kan máa ń fi ìṣù sìmẹ́ǹtì mẹ́rin sí igun òkúta, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Inú àlàfo àárín wọn lomi ń sá pamọ́ sí. Tí wọ́n bá ti lẹ ti àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Tí sìmẹ́ǹtì ò bá kárí, kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ fi kọnkéré dé orí ògiri náà, kó yọ síta ínṣì 2, torí òkè lomi ń gbà wọ ẹ̀yìn òkúta.

Ní ti àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fi dí ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé máa ń rì. Ẹ gbẹ́ ẹ dé ilẹ̀ tó le, kí ẹ má so àtẹ̀gùn mọ́ ògiri. Ẹ fi àlàfo ìdajì ínṣì sílẹ̀, kí ẹ fi kòlítà dí i. Gíga ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ínṣì 6. Fífẹ̀ rẹ̀, 12. Ẹ ka nínípọn táìsì tó máa wà lórí rẹ̀ mọ́ ọn kí wọ́n tó da kọnkéré, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn ò ní dọ́gba, àlejò á máa kọsẹ̀. Kí ojú ìgbésẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ síta díẹ̀, ínṣì 1 fún ẹsẹ̀ bàtà 4. Tó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ máa rin ín láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7.